Olókùn Kì Í Ṣe Olókun

Ọmọ àbúrò mi wá kí mi ní Kúbwá ní Sátidé kan. Kò tíì mu omi tí a gbé fún un tó fi na ọwọ́ òsì sí mi lójú. Aago dúdú kan wà níbẹ̀, ó fẹ̀ tó ìdérí agolo mílíìkì. Ó ní, "Dádì Kúbwá, kọ̀ǹpútà lẹ rí yẹn o. Tí mo bá wà lábẹ́ omi, á sọ bí mo ṣe jìn tó, á sọ ìṣẹ́jú tó kù fún mi, tí mo bá sì ń yára gòkè jù, á ké." Ó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi sílíńdà afẹ́fẹ́ mòòkùn nínú adágún ìwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì kan níbí ní Àbújá, ó sì fẹ́ wọ òkun gidi lóṣù tó ń bọ̀.

Mo gba aago náà, mo yí i síwá sẹ́yìn. Mo bi í pé ta ló máa di okùn rẹ̀ mú.

"Okùn kẹ̀, Dádì? Ìyẹn ti kọjá."

Mo rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, a jẹun. Àmọ́ nígbà tó lọ tán, ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò níkùn mi.

Ọmọ Ìlàjẹ ni mí. Níbi tí wọ́n ti bí mi, orí òpó igi nínú omi ni ilé wà. Kò sẹ́ni tó ń kọ́ ọmọ ní wíwẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ á jábọ́ lọ́jọ́ kan, á sì wẹ̀. Olókun ni bàbá mi ń bọ kó tó di Aládùúrà, kódà lẹ́yìn tó wọ aṣọ funfun tán, kì í ju àwọ̀n láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan omi, kó tún fi kan iwájú orí. Ìgbà tí mo di ẹni tó ń mòòkùn gba owó oṣù, ìyá mi pè mí sẹ́yìn ilé, ó ní ṣé mò ń bẹ Olókun ṣá. Mo ní, "Ìyá mi, olókùn lèmi ń bẹ̀, ẹni tó di okùn mi mú." Ó rò pé mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Kó tó kú, mo ti ṣàlàyé fún un tán, ó sì máa ń gbàdúrà fún ọkùnrin náà láìmọ̀ ọ́n rí.

Èkó ni mo ti kọ́ṣẹ́, ní 1974. Ọ̀gá tó kọ́ wa jẹ́ òyìnbó kan tó ti ṣe ológun ojú omi rí nílùú wọn. Ohun tó gbé kọ́ wa lẹ́yìn, tí ọmọ àbúrò mi bá rí i, á ní ẹ̀rọ tí àwọn àgbẹ̀ fi ń fín kòkó ni. Sílíńdà irin kan ṣoṣo, tí a fi bẹ́líìtì dè mọ́ ẹ̀yìn. Rọ́bà gbọ̀ngbọ̀n méjì jáde lára rẹ̀, ọ̀kan gba èjìká ọ̀tún, ọ̀kan gba òsì, wọ́n pàdé lẹ́nu. Afẹ́fẹ́ tí ò ń fà sínú ń gba ọ̀kan wá, èyí tí o mí jáde ń gba èkejì padà, ó ń lọ hó gùdùgùdù ní ìpàkọ́ rẹ. Kì í dí ọ lójú, ìyẹn ló fi dára. Tí omi bá wọ inú rọ́bà náà, o gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹ jáde kí o tó tún mí.

Ọ̀wọ́ngógó epo ló bí ẹ̀rọ yìí o. Ọmọ Nàìjíríà kankan ò ní rò ó bẹ́ẹ̀, àwa tí ọ̀wọ́ngógó kì í bí nǹkan kan fún yàtọ̀ sí ìlà gígùn. Nígbà ogun Hitler, epo dàwátì nílẹ̀ Faransé. Ẹnjiníà kan, Émile Gagnan, ń ṣe règúlétọ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń díwọ̀n gáàsì, tí mọ́tò á fi máa jó gáàsì dípò epo. Ọ̀gá kan nínú àwọn ológun ojú omi, Jacques Cousteau, ń wá ohun tó máa fún èèyàn ní afẹ́fẹ́ kìkì ìgbà tó bá fà á, tí kò ní máa tú dànù. Àwọn méjèèjì pàdé, wọ́n sì ṣe é ní 1943. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò nínú odò Marne, ó dáa tí Cousteau bá nà gbọọrọ nínú omi. Tó bá dúró, afẹ́fẹ́ á máa ya dànù. Tó bá dorí kodò, agbára káká ló fi ń rí i fà. Ibi tí èémí ń gbà jáde kò bá ibi tó ń gbà wọlé dọ́gba ni. Wọ́n gbé méjèèjì sójú kan. Ìdí tí rọ́bà wa kejì fi padà sẹ́yìn nìyẹn, kì í ṣe fún ẹ̀ṣọ́.

Géèjì tó ń sọ iye afẹ́fẹ́ tó kù kò sí lára tiwa. Ọ̀pá wáyà kan ló wà, ó gba ẹ̀gbẹ́ sílíńdà sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá ti gun Honda àtijọ́ rí mọ ríṣáàfù: epo á fẹ́ tán, máṣíìnì á máa wú ikọ́, wàá yí kọ́kọ́rọ́ kékeré kan, á tún gbé ọ díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Tí o bá ń wọ omi, òkè ni ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ wà. Tí afẹ́fẹ́ bá ń lọ sópin, ìmí á bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ìgbà yẹn ni wàá nawọ́ sẹ́yìn, wàá fa ọ̀pá wálẹ̀, á tú ìyókù sílẹ̀ fún ọ. Ìyókù yẹn kì í ṣe fún iṣẹ́ o. Owó ọkọ̀ ilé ni.

Ẹ̀wù tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí láti fi léfòó, a ò ní. Òjé la ń so mọ́ ìbàdí. Tó bá pọ̀ jù, o di ọlọ. Tó bá kéré jù, o di kèrègbè.

Ìwé kan wà tí a fi ọ̀rá bò, òun ni kọ̀ǹpútà wa. Ẹsẹ̀ bàtà 60, ìyẹn bíi mítà 18: ìṣẹ́jú 60 lo lè lò. Ẹsẹ̀ bàtà 100: ìṣẹ́jú 25. Tí o bá kọjá rẹ̀, o gbọ́dọ̀ máa dúró lọ́nà bí o ṣe ń bọ̀. Náítírójìn inú afẹ́fẹ́ tí ò ń mí ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara bí omi ṣe ń ki mọ́ ọ. Tí o bá rọra gòkè, á rọra jáde. Tí o bá já sókè lẹ́ẹ̀kan, á hó nínú rẹ bíi kóòkì tí wọ́n mì kí wọ́n tó ṣí i. Ọmọ Scotland kan, John Scott Haldane, ló kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀ síwèé ní 1908, ewúrẹ́ ló sì fi dán an wò. Láti ìgbà tí ọ̀gá wa ti sọ èyí fún wa, ọ̀kan nínú wa kò jẹ ẹran ewúrẹ́ mọ́. Èmi ń jẹ ẹ́.

Ẹsẹ̀ bàtà 60 láàárín ìṣẹ́jú kan ni wọ́n ní ká máa fi gòkè nígbà náà, ká má sì yára ju hóró afẹ́fẹ́ tó kéré jù nínú èyí tí a mí jáde. Lónìí ìdajì rẹ̀ ni, ẹsẹ̀ bàtà 30, wọ́n sì tún ń dúró ìṣẹ́jú mẹ́ta ní ẹsẹ̀ bàtà 15. Ohun tí wọ́n fi kọ́ wa bí ìwà pẹ̀lẹ́ ti di eré sísá. Níbi yẹn, mo gbà pé ọmọ yìí fi aago rẹ̀ jù wá lọ.

Iṣẹ́ Èkó ò gùn lọ́wọ́ mi. Ní 1975 tí ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì kún ojú omi débi pé ọkọ̀ mìíràn ò rí ọ̀nà wọ Apápá, a rí owó. Ìparí 1977 ni wọ́n kó wa lọ sókè, sí Kàǹjì.

Odò Ọya ni wọ́n dí níbẹ̀. Wọ́n parí dáàmù náà ní 1968, omi sì bo ilẹ̀ tí àwọn èèyàn tó lé ní 40,000 ń gbé tẹ́lẹ̀. Bùsá àtijọ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Bùsá Tuntun ni wọ́n kó wọn lọ. Omi tí mo mọ̀ láti kékeré ní iyọ̀, ó ní ìgbì, ó ń pariwo. Èyí dákẹ́. Ó sì ní àkúnya méjì lọ́dún, èyí tí n kò gbọ́ rí. Láti bí oṣù kẹjọ, òjò ìtòsí àti àwọn odò bíi Sókótó á gbé amọ̀ wá, omi á rí bí ògì. Àkúnya funfun ni àwọn ẹnjiníà ń pè é. Lẹ́yìn náà, nínú ọyẹ́, èkejì á dé. Orí òkè Fouta Djallon ní Guinea ni òjò tirẹ̀ ti rọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ti gba inú àbàtà ńlá Málì kọjá, ó ti fi gbogbo amọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àkúnya dúdú lorúkọ rẹ̀, òun ló sì mọ́. Nínú funfun, tí mo bá gbé ọwọ́ mi lé gíláàsì ojú mi, mi ò rí i. Nínú dúdú, mo lè rí bàtà ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ tí mo wọ̀.

Nítorí náà ìka ọwọ́ ni ojú wa. A ń fọwọ́ wá irin àsẹ́ tó wà lẹ́nu ibi tí omi ń gbà lọ sídìí tọ́báìnì, a ń yọ igi àti koríko tó há síbẹ̀. Iṣẹ́ yẹn kọ́ mi ní òfin kan tí mi ò gbójú fò rí. Omi tó dákẹ́ níwájú ihò lè fà ọ́ mọ́ra, tó bá sì ti lẹ̀ ọ́ mọ́ ọn, ọkùnrin mẹ́wàá ò lè já ọ kúrò, nítorí gbogbo ìwúwo omi ẹ̀yìn rẹ ló ń tì ọ́. Ìyẹn ni mi ò fi ń wọ omi níwájú dáàmù kankan àfi tí mo bá fojú ara mi rí i pé wọ́n ti ti ilẹ̀kùn irin rẹ̀, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lápò olókùn mi. "A ti tì í, ọ̀gá" kì í tó mi. Wọ́n máa ń ní mo ń ṣe àṣejù. Èmi ló ń wọ ọ́.

Àwọn apẹja tó wà níbẹ̀ máa ń bi mí bóyá mo ti rí ọkọ̀ Mungo Park, òyìnbó tó kú síbi omi eléré Bùsá ní 1806. Kùkùté igi ni mo rí, ẹgbàágbèje. Ilé amọ̀ kì í dúró lábẹ́ omi. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan, mò ń fọwọ́ ra ilẹ̀ kiri, ọwọ́ mi bọ́ sínú kòtò kékeré kan tó jọ̀lọ̀ bí awọ inú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo fọwọ́ yí i ká. Ọlọ ni. Ibi tí obìnrin kan ti fi apá rẹ̀ lọ ata fún ọdún bíi mélòó ló gbẹ́ kòtò yẹn. Mi ò gbé e. Mo fi í sílẹ̀ bí ó ṣe wà, mo tún fi amọ̀ díẹ̀ bò ó, mi ò mọ ìdí.

Olókùn mi ní Kàǹjì, Nupe ni, apẹja láti agbègbè Jẹ́bà. Ó dàgbà tó bàbá mi. Yorùbá tó ń sọ dà bíi ti Ìlọrin, ó sì ń pè mí ní Ọmọ Omi Iyọ̀. Èdè okùn wa kò pọ̀: ọ̀kan, mo wà dáadáa, méjì, tú u sí i, mẹ́ta, kó èyí tó dẹ̀, mẹ́rin, fà mí sókè. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi ni pé kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ tí mo bá wà nísàlẹ̀. Àwọn yẹn á so okùn mọ́ ọkọ̀, wọ́n á máa ta ayò.

Oṣù kejì 1979, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan jábọ́ sínú omi, bíi mítà méjìlá sísàlẹ̀, láàárín kùkùté. Omi mọ́ lọ́jọ́ náà. Mo rí ẹ́ńjìnnì náà láìpẹ́, mo so ó, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń so ó ni mo ru amọ̀ sókè, ibẹ̀ ṣókùnkùn. Mo fẹ́ yí padà, ẹsẹ̀ mi òsì kò tẹ̀ lé mi. Àwọ̀n àtijọ́ kan tí apẹja ti pa tì ló há síbẹ̀. Mo yọ ọ̀bẹ, mo ń gé e. Ìmí bẹ̀rẹ̀ sí í le. Mi ò fòyà. Mo nawọ́ sẹ́yìn wá ọ̀pá.

Ọ̀pá ti wà nílẹ̀.

Kùkùté kan ti fà á wálẹ̀ nígbà tí mò ń rọ́ wọlé, n kò mọ̀. Mo ti ná owó ọkọ̀ ilé.

Mo fa okùn lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Kò lọ. Ó ti pọ́ mọ́ igi, igi ni mò ń fà. Mo tún gé àwọ̀n. Tí ẹ bá ti fẹ́ fi ṣítíróò fa ẹ̀kọ tó ti dì rí, bí ìmí yẹn ṣe rí nìyẹn: ó ń bọ̀, kò dé. Mo rántí pé mi ò ronú nípa ìyàwó tàbí ọmọ bí wọ́n ṣe máa ń sọ. Iye okùn àwọ̀n tó kù ni mò ń kà. Mẹ́rin. Mẹ́ta.

Lójijì okùn ìbàdí mi yí ojú padà. Ó ti wà lápá ọ̀tún mi tẹ́lẹ̀. Ó di apá òsì, ó nà, ó gbé mi. Okùn àwọ̀n tó kẹ́yìn já fúnra rẹ̀. Mo tú òjé ìbàdí jù sílẹ̀, mo gbójú sókè, mo sì ń kígbe "aaaa" bọ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ìbẹ̀rù ni. Kì í ṣe ìbẹ̀rù. Afẹ́fẹ́ tó kún ẹ̀dọ̀fóró ní mítà mẹ́wàá á di ìlọ́po méjì kó tó dójú omi. Tí o bá pa ẹnu dé, òun ló máa wá ọ̀nà àbáyọ fúnra rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró á ya. Bí mo sì ṣe ń gòkè, sílíńdà tún fún mi ní ẹ̀kún ẹnu kan, nítorí omi ti fúyẹ́ lórí rẹ̀. Ọ̀gá wa ti sọ ọ́ fún wa ní Èkó. Mi ò gbà á gbọ́ títí dọjọ́ náà.

Ọkùnrin náà kò bú mi, kò dì mọ́ mi. Ó ti tú ọkọ̀ rẹ̀, ó ti wa á yí kùkùté náà po, òun nìkan. Mo bi í báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní, "Okùn tó wà lọ́wọ́ mi kì í dákẹ́ tí o bá wà nísàlẹ̀, bí o kò tilẹ̀ fà á. Ó ń mí. Nígbà tó dákẹ́, mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ ló wà lẹ́nu rẹ̀ mọ́, igi ni." Ó yọ gbàǹja lápò, ó bù ú sí méjì, ó fún mi ní ìdá kan. Ó kan bí ewúro nínú ẹnu mi, mo jẹ ẹ́ tán.

Ewu mìíràn tún wà tí okùn ò lè gbani lọ́wọ́ rẹ̀. Níbi iṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n gbé kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó ń rọ afẹ́fẹ́ sí sílíńdà wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Èéfín tó ń pa odindi ìdílé mọ́jú nínú yàrá ni wọ́n ń rọ fún wa. Májèlé inú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide, kò ní òórùn tirẹ̀. Orí fọ́ mi, èébì gbé mi, mo gòkè. Láti ọjọ́ náà mo máa ń wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí kí n tó wo sílíńdà.

Ti Jọ́s ló sì dùn mí jù, torí ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é. Ní 1981, típà kan yọ̀ wọ inú ọ̀kan lára àwọn kòtò omi tí àwọn awakùsà tánganran fi sílẹ̀ lókè ibẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí n lọ so irin tí wọ́n á fi fà á jáde mọ́ ọn, bíi mítà 18. Owó náà dára. A gbéra ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ láàárọ̀, a dé ọ̀sán, mo mòòkùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta pẹ̀lú sílíńdà mẹ́ta, mo ń ṣírò ìṣẹ́jú mi pọ̀ lórí ìwé ọlọ́ràá, mo sì jáde pẹ̀lú ìṣẹ́jú márùn-ún lérè. Inú mi dùn.

Ìwé yẹn, ti etí òkun ni. Jọ́s ga ju òkun lọ ní bíi mítà 1,200; afẹ́fẹ́ tó wà lórí omi níbẹ̀ fúyẹ́ ju èyí tí ìwé náà mọ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 60 tó wà níbẹ̀, bí ẹsẹ̀ bàtà 70 ló yẹ kí n kà á, ìyẹn sì jẹ́ ìṣẹ́jú 50, kì í ṣe 60. Márùn-ún tí mo rò pé mo jèrè, gbèsè ni. Ká tó jẹun alẹ́ tán, èjìká mi ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, kì í ṣe lára ẹran, nínú egungun, bíi pé ẹnìkan ń fi súkúrúù wọ ibẹ̀. Mo ní kí awakọ̀ máa gbé mi sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí òkè lóru náà. Ká tó dé Àkwáńgà ó ti rọ̀ díẹ̀. Ọsibítù tí mo dé gbé ọ́síjìn fún mi, wọ́n ń wò mí bí ẹni tó ya wèrè tó ní omi ló ṣẹ́ òun léjìká. Ọ́síjìn yẹn ló gbà mí, kì í ṣe ọ̀nà Àkwáńgà. Títí di òní, tí ọyẹ́ bá dé Kúbwá, èjìká náà ló ń kọ́kọ́ sọ fún mi.

Olókùn mi kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ti padà sí Jẹ́bà. Ká ní ó wà níbẹ̀ ni, kì í ka ìwé, ṣùgbọ́n á ti bi mí pé kí ni mò ń sáré sí.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ àbúrò mi tún wá. Mo wọ yàrá, mo fa àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo yọ okùn Kàǹjì. Ọ̀rá ni, kò tíì jẹrà. Mo fún un ní ẹnu kan ní pálọ̀, mo sọ èdè rẹ̀ fún un: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Mo ní kó di í mú, kó má sọ̀rọ̀. Mo gba kọ́rídọ̀ lọ sí kíṣìnì pẹ̀lú ẹnu kejì, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó sórí àpótí ìyàwó mi.

Mo fa ọ̀kan. Ó fa ọ̀kan padà. Mo fa méjì, ó tú u. Ọmọ náà ò burú. Mo wá dákẹ́ ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, ìyàwó mi ń wò mí, ó ń bó iṣu. Lẹ́yìn náà mo fa mẹ́rin.

Kò sí nǹkan kan. Mo tún fa mẹ́rin, pẹ̀lú agbára. Mo gbọ́ gbọ̀ọ̀-gbọ̀ọ̀ ní kọ́rídọ̀, mo ṣí ilẹ̀kùn.

Àga pálọ̀ ló ń bọ̀ wá bá mi. Ọmọ náà ti so okùn mọ́ ẹsẹ̀ àga, ó ti jáde lọ gba ìpè lórí fóònù.